Ẹrẹ̀ Ìdí Ẹ̀gẹ́

Mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí oríṣiríṣi nǹkan. Mo dúpẹ́ lórí ọmọ mẹ́ta. Mo dúpẹ́ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ tí ọkọ mi rà fún mi kó tó kú. Mo dúpẹ́ lọ́jọ́ tí bíréèkì mọ́tò tí mo wọ̀ já lójú ọ̀nà márosẹ̀, tí gbogbo wa sì fi ẹsẹ̀ ara wa rìn kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀? Ẹrẹ̀ lásán, tí ń lẹ̀ mọ́ bàtà? Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí màá dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, láàárín àwọn tó wá dúpẹ́ ọmọ àti dúpẹ́ ilé, tí màá ní èmi wá dúpẹ́ lórí ẹrẹ̀. Obìnrin tó jókòó tì mí fà mí láṣọ. Ó rò pé mo ṣì í sọ ni. Mi ò ṣì í sọ.

Aránṣọ ni mí, ní Ọ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ibi tí àwọn mọ́tò Benin ti ń já èrò, níbi tí ariwo kì í tán láti àárọ̀ dalẹ́. Bí ẹ bá kó òwú pupa mẹ́wàá síwájú mi, màá sọ èyí tí kò bá ìyókù mu fún yín láì gbé e sójú oòrùn. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ojú mi ń ríran dáadáa. Ẹ ó rí i láìpẹ́ pé òwú nìkan ló ń rí.

Ọmọ Odigbo ni ọkọ mi. Nígbà tó ṣaláìsí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ olórí ẹbí pè mí, wọ́n ní kí n máa dá oko rẹ̀ nìṣó kí n lè fi tọ́ àwọn ọmọ. Oko náà kò tóbi. Àkùrọ̀ ni, létí ìṣàn omi kan lọ́nà Ajue, ilẹ̀ dúdú tí kì í gbẹ tán nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. "Ìyàwó," wọ́n ní, "bí o bá ń rí nǹkan kó níbẹ̀, ìwọ àtàwọn ọmọ rẹ lẹ ni ín. Bí kò bá wá ṣeé dá mọ́, ọ̀pẹ ni màá gbìn sí i." Ta ni kò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí? Ẹ̀gẹ́ kì í lò ju ọdún kan, ọdún méjì lọ. Ọ̀pẹ tí wọ́n bá gbìn lónìí, ọmọ-ọmọ ẹni tó gbìn ín ni yóò ṣì máa jẹ ẹyìn rẹ̀. Kí àwọn ọmọ mi tó gbọ́njú, ilẹ̀ bàbá wọn ti di tẹlòmíràn.

Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wà láàárín oko mi àti ti ìyá ọkọ mi. Ìyá kò ga, wọn kò sanra, wọn kì í pariwo. Púpurú ni wọ́n fi tọ́ ọkọ mi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àtàwọn àbúrò rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ púpurú, kó wá sí Ìkálẹ̀ wá jẹ ẹ́: ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ sómi títí tó fi rọ̀ tó sì kan, tí wọ́n yọ okùn inú rẹ̀, tí wọ́n fún omi rẹ̀ dànù, tí wọ́n mọ ọ́n roboto, tí wọ́n wá yan án lókè iná títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi dúdú. Igi ẹ̀gẹ́ tí Ìyá fi ń ṣe tiwọn, láti Ajue ni wọ́n ti gbé e wá lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sílé ọkọ. Ìyá tó bí wọn lọ́mọ ló dì í fún wọn, pẹ̀lú ìkòkò àti ẹní. Wọn kò gbin òmíràn rí láti ìgbà náà.

Èmi ńkọ́? Èmi lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan. Wọ́n fún wa ní búrẹ́dì, wọ́n fún wa ní fìlà, wọ́n sì fún wa ní igi ẹ̀gẹ́ agíríìkì. Mo gbé fìlà náà dé oko. Ká sọ tòótọ́, ẹ̀gẹ́ náà dára. Ní ọdún kìíní, tí òjò kò pọ̀, èyí tí mo wú tó itan ọmọ ọlọ́dún méjì. Orí mi wú, ó kù díẹ̀ kí fìlà má wọ̀ mí mọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó lè bá mi sọ̀rọ̀ oko kí n gbọ́.

Ìyá gbìyànjú. Nígbà tí a fẹ́ gbin ti ọdún kejì, wọ́n gbé ìdì igi ẹ̀gẹ́ wọn wá bá mi. Wọ́n ní, "Ìyàwó, fi èyí sí ẹ̀bá omi. Ó mọ ẹrẹ̀." Ojú àwọn alágbàṣe ni mo ti dá wọn lóhùn: "Ìyá, ẹ̀gẹ́ yín yìí ti darúgbó o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ba oko mi jẹ́." Àwọn alágbàṣe rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìyá ní, "Mo gbọ́," wọ́n sì gbé ìdì wọn padà sí òdìkejì ọ̀nà. Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ kì í ṣeé kó. Tèmi bọ́ lọ́jọ́ náà, mo tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kọjá.

Òjò ọdún yẹn kò ṣeé fẹnu sọ. Ìṣàn omi kún, ó sì jókòó sínú poro mi bí ẹni tó wá gbé. Nígbà tó lọ, ewé ẹ̀gẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Mo fa igi kan, gbogbo rẹ̀ tẹ̀ lé mi wẹ́rẹ́ bí òwú tí kò ní kókó. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti rà, ó ń rùn débi pé alágbàṣe tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi aṣọ bo imú. Mo tún gbin irú rẹ̀ kan náà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, torí mo lórí kunkun. Ó tún rà, kódà ó ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá wò ó. Wọ́n fi ọ̀pá gún ebè kan, wọ́n gbé ọ̀pá náà sí imú, wọ́n sì lọ sílé. Nígbà tí mo dé ilé wọn lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀pẹ kéékèèké ti tò lọ bẹẹrẹ ní ẹ̀yìnkùlé nínú ọ̀rá dúdú, wọ́n ń bomi rin ín. "Ọdún kan sí i, ìyàwó," wọ́n ní. "Bí èyí tó wà nílẹ̀ báyìí bá tún rà, ìwọ náà á mọ̀ pé mo ti ṣe sùúrù." Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń ránṣọ, ọ̀pẹ inú ọ̀rá ni mò ń rí.

Ohun kan ṣoṣo ló ń tù mí nínú. Láàárín àwọn tó ń rà, àwọn ìdí ẹ̀gẹ́ kan wà káàkiri oko, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, tí wọ́n dúró gbọingbọin, tí ewé wọn tutù yọ̀yọ̀. Mo máa ń fi wọ́n yangàn fún ọlọ́kadà tó ń gbé mi lọ. "Ẹ̀gẹ́ agíríìkì mi rèé," màá ní, "àwọn tó gbọ́n nínú wọn nìyí." Èmi tí mo lè dá òwú pupa mẹ́wàá mọ̀ síra wọn, mi ò wo ewé ẹ̀gẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì. Sátidé nìkan ni mò ń yọjú sóko, alágbàṣe ló ń bá mi ro ó.

Ní Sátidé kan, mo tètè dé. Ìrì ṣì wà lórí koríko. Mo rí Ìyá tí wọ́n ń jáde bọ̀ láti inú oko mi, àdá lọ́wọ́, ẹrẹ̀ títí dé orúnkún.

"Ìyá, níbo lẹ ti ń bọ̀?"

"Mo wá wo oko ọmọ mi ni."

"Tiyín ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ̀gẹ́ yín ń tán lọ lọ́dọọdún!"

Òótọ́ ni. Oko wọn tó kún fọ́fọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ilé ọkọ ti ku ìlà ebè kan péré. Mo ti fi ìyẹn ṣe wọ́n ní yẹ̀yẹ́ kò níye. Ìyá rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, wọ́n lọ sílé.

Inú mi kò dùn sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ṣùgbọ́n bí mi ò bá sọ ọ́, irọ́ ni gbogbo ìyókù. Mo padà sí Ọ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì sọ fún obìnrin tó ń ta bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi pé ọwọ́ àgbàlagbà kan wà nínú ẹ̀gẹ́ mi tó ń rà. Kò bi mí pé ta ni. Ó kàn ká ọwọ́ lérí, ó ní, "Hẹ̀n-ẹ́n-ẹn!" Ọ̀rọ̀ burúkú kì í pẹ́ gbọ̀nà lọ.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni ọmọbìnrin kan wá tún síìpù báàgì rẹ̀ ṣe lọ́dọ̀ mi. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni. Ó gbé ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù tán.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé inú àbàtà lo sùn ni?"

"Ẹ má bínú, mà. Iṣẹ́ mi ni."

"Ẹrẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ?"

"Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò ẹ̀gẹ́ ni, mà. Èyí tó bá ti já bọ́, kì í ṣe tèmi."

Mo rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún mi lọ́wọ́. Ọmọ náà kò bínú. Ó nawọ́ sí àwọn olóúnjẹ méjì tó wà ní iwájú wa lọ́hùn-ún. Ó ní, "Ẹ wò wọ́n, mà. Orí ilẹ̀ kan náà ni wọ́n jókòó sí. Ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ Hausa ló ń kún ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta tùwó, àwọn ará Benin sì ń ya ọ̀dọ̀ ẹnì kejì." Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀gẹ́ rí. Gbòǹgbò rẹ̀ máa ń sun oje díẹ̀díẹ̀ sínú ilẹ̀. Oje yẹn ló ń pe àwọn kòkòrò kan wá, wọ́n kéré débi pé ojú kò lè rí wọn, bakitéríà ni wọ́n ń pè wọ́n. Irú ẹ̀gẹ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ní oje tirẹ̀, ó jogún rẹ̀ lára igi tí a ti gé e. Ẹ fi irú ẹ̀gẹ́ méjì sínú ebè kan ṣoṣo, àlejò tó máa jókòó tì wọ́n lè yàtọ̀ pátápátá. Àwọn àlejò kan ń ran ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́. Àwọn mìíràn, ẹ má wulẹ̀ béèrè.

Mo fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Ṣé wọ́n lè mú kí ẹ̀gẹ́ rà?"

"Ó ṣeé ṣe, mà. Àwọn mìíràn sì wà tí kì í jẹ́ kó rà."

Mi ò gbowó síìpù náà. Mo ní kó wá bá mi wo oko kí wọ́n tó gbé ọ̀pẹ wọ̀ ọ́.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, èmi, òun, àti kúlà ńlá kan tí yìnyín wà nínú rẹ̀ la jọ gun ọ̀kadà. Ìyá ti wà ní oko wọn, wọ́n sì wá kí àlejò. Èdè Ìbàdàn ni ọmọ náà ń sọ, Ìkálẹ̀ tó jinlẹ̀ ni Ìyá ń sọ, èmi ni mo ń túmọ̀. Nígbà tí mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí, mo rò pé Ìyá á ya ẹnu. Wọ́n kàn mi orí.

"Mo mọ̀ wọ́n," wọ́n ní. "Àwọn ló ń bá mi ṣe púpurú."

Wọ́n ní bí àwọn bá rẹ ẹ̀gẹ́, àwọn kì í da omi kíkan rẹ̀ nù tán, àwọn máa ń fi díẹ̀ sílẹ̀ láti fi bẹ̀rẹ̀ èyí tó kàn. Bí wọ́n bá da gbogbo rẹ̀ nù, ti tuntun kì í tètè kan, òórùn rẹ̀ kì í sì í rí bákan náà. "Ta lẹ rò pé ó ń mú un kan? Èmi?" Ọmọ yunifásítì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ kíá. Inú bí mi díẹ̀. Èmi ni mo ni oko tó wá wò, Ìyá ló ń gbóríyìn fún.

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó wú nínú ẹ̀gẹ́ mi tó ti ń rà. Ó wú nínú àwọn tí mo ní wọ́n gbọ́n. Ó sọdá ọ̀nà, ó wú nínú ti Ìyá. Jẹ́jẹ́ ló ń gbọn gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan títí tó fi ku ẹrẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn nìkan, á wá gbé e sínú abọ́ tirẹ̀. Ó já ewé kan lórí ìdí kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú, ó fi sínú ọ̀rá kékeré, ó ní ewé ló máa sọ ìran tí ẹ̀gẹ́ náà ti wá bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò. Ìgbà tó wá ṣí kúlà, omi ló bá níbẹ̀. Oòrùn ti jẹ yìnyín tán. Èmi àti òun gun ọ̀kadà padà sí Odigbo lọ wá yìnyín. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tọ́jú àwọn abọ́ yìí."

Ìyá bá wa tọ́jú wọn. Nígbà tí a dé, gbogbo ẹ̀gẹ́ náà ti wà lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n ń dán. Ìyá ti gbé abọ́ kọ̀ọ̀kan lọ sétí omi, wọ́n ti fi kànìnkàn fọ gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní, wọ́n tún ti kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan tì í fún àlejò. Bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí nìyẹn. Àlejò tí a bá bọ̀wọ̀ fún kì í gbé ẹ̀gẹ́ ẹlẹ́rẹ̀ kúrò lóko wa. Ibi tó bá gbé e dé, wọ́n á ní ará ibo ni kò lẹ́kọ̀ọ́ báyìí.

Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èmi ni mo sọ̀rọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, mo sọ̀rọ̀!

"Ìyá! Ẹ ti pa mí! Ohun tí a fẹ́ fi mọ ohun tó ń pa ẹ̀gẹ́ mi lẹ fọ̀ dànù yìí! Ṣé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni? Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni!"

Ìyá wo àwọn abọ́, wọ́n wò mí, wọ́n wo ọmọ náà. Wọ́n lóṣòó tì í. Àgbàlagbà tó lè bí ìyá rẹ̀. "Ọmọ mi, forí jì mí," wọ́n ní. "Mi ò mọ̀ pé ẹrẹ̀ lo bá wá."

Ni ọmọ náà bá bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyá, láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ẹ̀gẹ́ mi ò mọ́ tó báyìí rí."

A tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Èyí tó rà kò wọ́n wa. Àwọn tó gbọ́n nínú tèmi náà kù. Ṣùgbọ́n ní ìlà kan ṣoṣo tí Ìyá ní, ìdí méjì péré ló kù lórí ìdúró. Ìyá fi ọwọ́ hàn án. "Wú ọ̀kan. Bí kò bá tó, wú èkejì." Ọ̀kan tó o. Ìyá gé igi rẹ̀, wọ́n fi àpò tútù wé e, wọ́n sì gbé e mọ́ àyà lọ sílé. Ìdí kan ló kù ní gbogbo oko wọn. Ṣé àánú wọn ṣe mí? Rárá. Inú ṣì ń bí mi.

Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kọjá kí ọmọ náà tó ní èsì ti dé. Mo ní kó wá sílé Ìyá ní Odigbo. Mo tún ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pé kí wọ́n wá jókòó gbọ́. Ẹ gbọ́ ìdí tí mo fi pè wọ́n: mo fẹ́ kí ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá sọ pé ẹ̀gẹ́ mi kò jẹ̀bi. Mo tún fẹ́ kí ojú ti ẹnì kan. Ọlọ́run ló mọ ẹni tí ojú máa tì.

Ọmọ náà ṣí ìwé rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ náà kọ́kọ́ dà á lórí rú. Àwọn ẹ̀gẹ́ mi tó rà àtàwọn tó gbọ́n, ìlà kan náà ni wọ́n wà, ilẹ̀ kan náà, omi kan náà. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò tó jókòó ti gbòǹgbò wọn kò jọra rárá. Àwọn tó wà ní ìdí èyí tó gbọ́n jọ ti ẹ̀gẹ́ Ìyá, èyí tó wà ní òdìkejì ọ̀nà, bí ìbejì. Ó ní òun rò pé òun ti kó àwọn abọ́ náà pọ̀ mọ́ra. Ó tún un ṣe, ibì kan náà ló já sí. Ló bá lọ yẹ àwọn ewé wò.

"Mà," ó ní, ó ń wò mí, "àwọn tó dúró nínú oko yín yẹn, kì í ṣe ẹ̀gẹ́ agíríìkì. Ẹ̀gẹ́ Ìyá ni. Igi kan náà ni."

"O ti ṣì í," mo ní. "Ẹ̀gẹ́ kì í rìn. Báwo ni ẹ̀gẹ́ Ìyá ṣe máa sọdá ọ̀nà wá sínú oko mi?"

Ìyá ń bó ẹ̀gúsí sínú abọ́. Wọn kò gbójú sókè. "Ẹ̀gẹ́ kì í rìn lóòótọ́," wọ́n ní. "Èmi ni mo rìn."

Ìyá bó ẹ̀gúsí bíi mẹ́ta sí i kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní láti ìgbà tí ẹ̀gẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ibi tí ọ̀kan bá ti kú ni àwọn ń gé lára tàwọn, tí àwọn ń fi dí i. Kùtùkùtù ni wọ́n ń rìn lọ láti Odigbo, kí n má baà bá wọn níbẹ̀. Nítorí náà ni oko wọn fi ń tán. Inú oko mi ló ń tán sí, èmi sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"O ní kí n má fi ba oko rẹ jẹ́," wọ́n ní. "Mo sì gbọ́. Ibi tó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ ni mo fi í sí."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kí n tó mọ̀. Bí ilẹ̀ bá lanu, màá wọlé. Mo ní, "Ìyá, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo sọ nípa yín ní Ọ̀rẹ̀..."

"Mo gbọ́ ọ."

"Ẹ gbọ́ ọ kẹ̀?"

"Ọ̀rẹ̀ kò jìnnà."

"Ìgbà wo lẹ gbọ́ ọ, Ìyá?"

Wọ́n gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lórí ìró wọn. "Ó ti pẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gé igi tí mo fẹ́ fi dí ẹ̀bá omi lọ́jọ́ náà ni."

"Ẹ sì tún lọ gbìn ín?"

Wọ́n wò mí bí ẹni pé mi ò gbọ́ Yorùbá mọ́. "Ṣé ọ̀rọ̀ ni àwọn ọmọ máa jẹ ni?"

Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mi ò lè parọ́. Mo di ẹsẹ̀ wọn mú, mo sunkún débi pé ọmọ yunifásítì náà bá mi sunkún. Ìyá ní kí n dìde, pé mò ń tẹ ẹ̀gúsí àwọn mọ́lẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èmi tí mò ń ránṣọ láti ogún ọdún, ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ ohun tí òwe náà ń sọ.

Ọmọ náà kò jẹ́ kí a sọ ọ́ di àsọdùn o. Ó ní òun kò lè búra pé àwọn kòkòrò yẹn nìkan ni kò jẹ́ kó rà, pé iṣẹ́ ṣì pọ̀ nílẹ̀. Ohun tí òun rí ni pé ẹ̀gẹ́ Ìyá mọ àwọn tó ń pè sọ́dọ̀, ó sì ń pè wọ́n níbi yòówù kí wọ́n gbìn ín sí, kódà láàárín ebè tó ti rà. Ó ní ẹ̀gẹ́ agíríìkì náà kì í ṣe ẹ̀gẹ́ burúkú, ẹ̀bá omi ni kò bá a mu. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n dìde, wọ́n gbọn agbádá wọn. "Ọ̀pẹ mi lè lọ sí orí òkè lọ́hùn-ún," wọ́n ní. "Èmi kò ní í gbin ọ̀pẹ lé ẹsẹ̀ ìyá mi lórí."

Bí ilẹ̀ bàbá àwọn ọmọ mi ṣe dúró sí ọwọ́ wọn nìyẹn. Lóde òní, ẹ̀gẹ́ Ìyá ló wà ní gbogbo ẹ̀bá omi, agíríìkì wà lókè níbi tó gbẹ. Òjò rọ̀ lọ́dún tó kọjá, ìṣàn omi tún wọ poro, mo sì wú ẹ̀gẹ́ níbi tí mo ti ń da èyí tó rà nù tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni mo dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sì ti padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta bọ́tìnnì, mo ní kí n sọ ìyókù fún un. Ìyẹn kò rìn kíákíá bíi ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n mò ń tì í lẹ́yìn, gbogbo oníbàárà tó bá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi ló ń gbọ́ ọ.

Orúnkún kò jẹ́ kí Ìyá lè lọ oko mọ́. Oko wọn ku ìdí kan ṣoṣo yẹn, ẹ ò gbàgbé. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, mo máa ń tètè kúrò ní Ọ̀rẹ̀ ní Sátidé. Màá gé igi lára ẹ̀gẹ́ tó wà lọ́dọ̀ mi, màá sọdá ọ̀nà, màá fi dí ebè Ìyá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti kún dé ìdajì. Mi ò sọ fún wọn, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yà kí wọn kí n tó padà sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n jókòó sí iwájú ilé, púpurú ń yan lókè iná lẹ́yìn wọn. Wọ́n wo ẹsẹ̀ mi.

"Ìyàwó, níbo lo ti ń bọ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ yìí?"

"Mo lọ wo oko ìyá mi ni."

Wọ́n wo ẹrẹ̀ náà títí, wọ́n tún wo ojú mi. Mo ní kí n bu omi fọ̀ ọ́. Wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀, kí n wá jókòó jẹun.